Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nà Ètò Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ Yorùbá

Sí ẹ̀yin Kọmíṣọ́nà Ètò Ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ wọn ní Kwárà àti Kogí,

 

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín: ẹ jẹ́ kí a máa lo Yorùbá nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìtumọ̀ wọn fara pẹ́ra. N kò ní kí ẹ dín Gẹ̀ẹ́sì kù. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ yékéyéké ju bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ lónìí lọ, ó sì dá mi lójú pé èdè tí wọ́n gbé láti ilé wá ni yóò bá wa ṣe é.

Ẹ̀yin náà mọ bí Gẹ̀ẹ́sì ti wúwo tó ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọ tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú rẹ̀, bó ti wù kó mọ ìṣirò tó, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni yóò dúró sí. Nínú ìdánwò WAEC, ìwé kìíní Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 80, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lórí ọ̀rọ̀ nìkan: èwo ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fàlà sí nídìí jù, èwo ni òdì-kejì rẹ̀, èwo ló yẹ kó wọ inú àlàfo. Nínú ti JAMB, ìbéèrè 60 ni wọ́n ń bi ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí iṣẹ́ yòókù ní 40 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n máa ń tò síwájú ọmọ, lọ́pọ̀ ìgbà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Ọmọ tí kò bá mọ ibi tí ọ̀kan ti yà kúrò lára èkejì, ibẹ̀ ni yóò ti ṣubú.

Báwo la ṣe ń kọ́ wọn? Olùkọ́ á kọ “borrow” àti “lend”, “steal” àti “rob”, “win” àti “beat” sí pátákó, á fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ á dà á kọ sínú ìwé. Wọ́n á há a sórí de ìdánwò. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ẹ ó gbọ́ tí ọmọ ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Borrow me your biro.” Olùkọ́ á jágbe mọ́ ọn pé “lend me” ni wọ́n ń wí. Bó bá di ọ̀la, ọmọ á tún sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá yá, wọ́n á sọ ọ́ ní olódo.

Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo. Ohun tó ń sọ ní ìdí, ìdí náà sì wà nínú èdè tó ti gbọ́ láti ìgbà tó wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi ìdí náà hàn án, kò ní nílò kó há ohunkóhun sórí.

Ẹ jẹ́ ká yẹ “borrow” àti “lend” wò. Yorùbá ní, “Yá mi ní bírò rẹ.” Ó tún ní, “Mo yá bírò lọ́wọ́ rẹ.” “Yá” kan náà ni. Síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá kan tó dàrú mọ́ lójú rí, pé ta ló ni bírò, ta ló gbà á. Kí ló ń jẹ́ kó mọ̀? “Lọ́wọ́” ni. Bí “lọ́wọ́” bá ti wọ inú gbólóhùn náà, a mọ̀ pé ẹni tó gba nǹkan là ń sọ. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ló gbé e sí, Gẹ̀ẹ́sì sì gbé e sínú ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí Yorùbá bá ti ní “yá lọ́wọ́”, “borrow from” ni Gẹ̀ẹ́sì ń wí. Ibi tí “lọ́wọ́” kò bá sí, tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ gba nǹkan náà ló tẹ̀ lé “yá”, “lend” ni.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí pátákó ní kíláàsì JSS 2 kan: gbólóhùn Yorùbá méjì lókè, ti Gẹ̀ẹ́sì méjì nísàlẹ̀, mo sì fa ìlà láti “lọ́wọ́” lọ bá “from”. Kí n tó yíjú padà, ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ti ké pé, “Kọ́ náà rí bẹ́ẹ̀!” Mo ní kó wá kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi ní irun dídì,” ó sì kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé, “Mo kọ́ irun dídì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.” Òun fúnra rẹ̀ ló fi “teach” sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, tó fi “learn” sí ẹ̀gbẹ́ ìkejì, tó sì fa ìlà tirẹ̀ láti “lọ́wọ́” lọ bá “from”. N kò tíì kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ méjì yẹn lọ́jọ́ náà. Ìlànà kan ni wọ́n rí, wọ́n sì ti mú un lọ síbi tí mi ò rán wọn.

Irú èyí kì í ṣe àìpé èdè Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Onílé ń “rent” yàrá fún ayálégbé, ayálégbé ń “rent” yàrá lọ́wọ́ onílé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Ó yẹ kí ọmọ mọ èyí pẹ̀lú, kó má baà rò pé èdè àwọn baba òun ló kù díẹ̀ káàtó.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti pín in gan-an ni Yorùbá náà ti pín in, ṣùgbọ́n a kì í lò wọ́n. Ìrora ọkàn ni èyí máa ń jẹ́ fún mi. Ọmọ ń fi orí gbá ìyàtọ̀ tó wà láàárín “look” àti “see”, bẹ́ẹ̀ ló sì ń sọ nílé lójoojúmọ́ pé, “Mo wò ó títí, n kò rí i.” “Look” ni wò, “see” ni rí. “Listen” ni fetí sílẹ̀, “hear” ni gbọ́. Ìyá tó bá ń bá ọmọ wí mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ gbọ́ òun láìfetí sílẹ̀. “Bring” ni mú wá, “take” ni mú lọ, wá àti lọ sì ti sọ fún ọmọ ibi tí ẹrù náà kọjú sí kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Ẹ wo “win” àti “beat”. Ẹ lọ sí ibikíbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ ó gbọ́ pé, “Arsenal won Chelsea.” Àwọn àgbà náà ń sọ ọ́. Ní Yorùbá ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan na èkejì, ó sì gba ife. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Arsenal gba Chelsea. Ìdíje àti ife là ń gbà, alátakò là ń nà. Bẹ́ẹ̀ náà gẹ́lẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe é: “win” ń mú ife àti ìdíje, “beat” ń mú alátakò. Ọmọ tí wọ́n bá fi nà àti gbà ṣàlàyé fún kò tún ní í ṣàṣìṣe yẹn mọ́, nítorí etí rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́.

“Deny” àti “refuse” ńkọ́? Ọmọ tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ̀ pé Pétérù sẹ́ Jésù, ó sì mọ̀ pé Fáráò kọ̀ láti jẹ́ kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lọ. Ẹni tó sẹ́ ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ̀ ní òun kò ní í ṣe é. “Deny” ni sẹ́, “refuse” ni kọ̀. Láti “find” dé “discover” dé “invent” náà, Yorùbá ní rí, ó ní ṣàwárí, ó ní hùmọ̀. Ohun tó ti wà là ń ṣàwárí, ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ là ń hùmọ̀. Ìwé ìtàn tí a kà lọ́mọdé ní Mungo Park, arìnrìn-àjò òyìnbó, ló ṣàwárí Odò Ọya. Ọdún 1796 ló dé etí odò náà ní Ségou, ó sì bá àwọn tó ti ń mu omi rẹ̀ láti ìrandíran níbẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ìwọ̀n “discover” dáadáa yóò lè béèrè pé ta ni odò náà ṣàjèjì sí kí wọ́n tó sọ pé wọ́n ṣàwárí rẹ̀. Mímọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń kọ́ni ní ìrònú bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni “jealousy” àti “envy”. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́, àwọn tó ni èdè pàápàá ń fi “jealous” bo méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìwé àti ìdánwò ṣì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn. Owú ni ti ẹni tó ń ṣọ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀: ìyáálé tó ń bẹ̀rù pé ìyàwó tuntun yóò gba ọkọ mọ́ òun lọ́wọ́ ń jowú. Ìlara ni ti ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára ohun ọlọ́hun: ará àdúgbò tí kò rí oorun sùn nítorí pé ẹnìkejì rẹ̀ kọ́lé ń ṣe ìlara. A ń jowú lórí ohun tí a ní, a ń ṣe ìlara ohun tí a kò ní. Olùkọ́ tó bá sọ gbólóhùn kan yìí ní Yorùbá ti kọ́ ọmọ ní ohun tí ojú-ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan kò lè ṣàlàyé tán fún un.

N kò sọ pé Yorùbá kì í ṣi ọmọ lọ́nà. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí mìíràn sì nìyẹn tó fi yẹ kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n. À ń gbọ́ ariwo, à ń gbọ́ òórùn, nítorí náà ọmọ á ní, “I am hearing the smell of the soup.” Bàtà já, okùn já, ọmọ á ní, “My slippers have cut,” nítorí ó rò pé “cut” ni já níbi gbogbo. Ti wíwọ aṣọ ló jinlẹ̀ jù nínú wọn. Bí a bá ní, “Ó wọ aṣọ funfun,” aṣọ ti wà lọ́rùn rẹ̀, “wear” nìyẹn. Bí a bá ní, “Dúró, ó ń wọṣọ,” ó ṣì ń kì í bọ ọrùn lọ́wọ́. “Put on” nìyẹn. Yorùbá fi “ń” yà wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀rọ̀ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Olùkọ́ tí kò bá mọ̀ pé “ń” yẹn ló ṣiṣẹ́ náà yóò máa fa pupa sí ìwé ọmọ títí ọdún yóò fi parí, kò sì ní rí ibi tí àṣìṣe ti ń wá.

Nígbà tó bá sì kan ibi tí Yorùbá ti pín nǹkan wẹ́wẹ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, kí a jẹ́ kí ọmọ mọ ìyẹn náà. À ń dé fìlà, à ń wé gèlè, à ń ró ìró, à ń bọ òrùka. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ “wear”. Àwo ń fọ́, igi ń ṣẹ́, okùn ń já. “Break” ló bo gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó bá rí i pé èdè òun ní irú làákàyè yìí kò ní í fi ojú ẹrú wo èdè mìíràn, yóò sì mọ̀ pé èdè kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti ń pín nǹkan àti ibi tó ti ń kó o jọ. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò ní í máa wá ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan mọ́, ibẹ̀ sì ni gbígbọ́ èdè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin olórí wa, ìdánwò nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó kan àgọ́ ọlọ́pàá. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù jogún láti ayé amúnisìn, olè jíjà lásán, níbi tí òfin kò bá ti yan ìyà mìíràn fún un, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni. Bí olè bá lo ipá tàbí tó halẹ̀ mọ́ni kó lè rí nǹkan gbà, ẹ̀ṣẹ̀ náà ti yí padà nìyẹn. Bó bá sì mú ohun ìjà tó lè pani lọ́wọ́, òfin lórí ìdigunjalè ní ikú ni ìyà rẹ̀. “Steal” ni ti àkọ́kọ́, “rob” ni ti ìkejì. Ẹ wo ẹni tí wọ́n yọ fóònù rẹ̀ lórí tábìlì, tó lọ sí àgọ́, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé, “He robbed me.” Ẹ̀sùn tó wà lọ́kàn rẹ̀ kọ́ ló wà lórí ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà wà. “Ó jí fóònù mi” àti “Ó jà mí lólè.” Jí ń mú ohun tó sọnù, jà lólè ń mú ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an: “steal” ń mú ohun, “rob” ń mú ènìyàn. Lórí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú, Yorùbá ní olè, ó ní adigunjalè, ó ní kólékólé. Gẹ̀ẹ́sì ní “thief”, “armed robber” àti “burglar”. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ ọ́ fún ọmọ?

Ó kan ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ni à ń pè é láti ìbàdí dé ọmọ-ìka, nítorí náà ẹni tí ẹ̀gún gún ní àtẹ́lẹsẹ̀ á sọ fún dókítà pé, “My leg is paining me.” “Leg” àti “foot” kì í ṣe ohun kan náà nínú ìwé aláìsàn, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló sì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìtọ́jú arúgbó ní Britain àti Amẹ́ríkà lónìí, níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n rí lára aláìsàn sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kókósẹ̀ ni ààlà: ohun tó wà lókè rẹ̀ ni “leg”, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni “foot”. Ti apá àti ọwọ́ náà rí bẹ́ẹ̀, ọrùn-ọwọ́ ni ààlà tiwọn. Gbogbo ẹ̀yà ara yìí ni ọmọ ọdún márùn-ún lè fi ìka tọ́ka sí bí a bá pè é ní Yorùbá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: pé bí a bá gba Yorùbá láyè nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, yóò ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Èrò yìí ló mú kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, tàbí kí wọ́n ní kó kúnlẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn òbí tó ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, nítorí ire ọmọ wọn ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n a ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní ilẹ̀ yìí fúnra wa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn gba ọ̀nà tó wà nílẹ̀, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta yòókù. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Iwájú ni wọ́n wà.

Ṣáájú ìgbà náà gan-an, fífi èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn baba wa fi mú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Yorùbá dí Crowther lọ́wọ́ láti mọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nísinsìnyí ni pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde láti ẹnu Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, pé òun fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. N kò fara mọ́ ìpinnu yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fara mọ́ ọn pàápàá yẹ kó gba ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, nítorí bí Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò fi gba gbogbo ẹ̀kọ́, ó di dandan kó gbọ́ ọ dáadáa. Ìjọba tó ní kí ọmọ rìn gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà hàn án. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2018 tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sì fi hàn pé ìpínlẹ̀ ní agbára tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè.

N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa sọ̀rọ̀ bí ará London. Kì í ṣe gbogbo ohun tí Yorùbá mú wọ inú Gẹ̀ẹ́sì wa ni àṣìṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀-èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti inú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, “next tomorrow” tí a fi ń sọ ọ̀túnla sì wà lára wọn. Kí ọmọ máa sọ ọ́ láàárín wa, kó sì mọ̀ pé “the day after tomorrow” ni olùdánwò ń retí. Ẹni tó mọ méjèèjì lè yan èyí tó bá ibi tó wà mu.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí.

Èkíní, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, pé wọn kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá, àti pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ láti fi Yorùbá ṣàlàyé ọ̀rọ̀.

Èkejì, ẹ jùmọ̀ ṣe ìwé ìléwọ́ kan fún olùkọ́. Ẹ pe àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá jọ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ èdè láti Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó àti Ìlọrin. Kí wọ́n má ṣe tò ó ní A, B, D. Kí wọ́n tò ó bí ọmọ ṣe ń bá ọ̀rọ̀ pàdé: ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ pápá bọ́ọ̀lù. Kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú gbólóhùn, Yorùbá lókè, Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, kí wọ́n sì fi ìlà sí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà.

Ẹ̀kẹta, kí SUBEB, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti àjọ tó ń bójú tó àwọn olùkọ́ girama máa dá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá lẹ́kọ̀ọ́ papọ̀. Lónìí, ọ̀tọ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan náà ni wọ́n jọ ń kọ́. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́ Yorùbá, kí ó ní ẹnìkejì tí yóò máa bi ní ìbéèrè. Ọmọ Ègùn ní Badagry àti ọmọ Ígbò ní Ajégúnlẹ̀ náà ní ibi tí èdè wọn ti ń pín ọ̀rọ̀. Kí olùkọ́ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, kí ó sì lo ìdáhùn wọn.

Ẹ̀kẹrin, nínú ìdánwò àárín sáà àti ti ìparí sáà tó wà lábẹ́ àkóso yín, ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun bíbi ọmọ ní ìtumọ̀ àhásórí. Ẹ fún un ní ìṣẹ̀lẹ̀ kan, kó mú ọ̀rọ̀ tó bá a mu, kó sì sọ ìdí tó fi mú un.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ẹ yan ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ẹ dán àwọn ọmọ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún dán wọn wò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì gbé èsì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọmọ tí a kọ́ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí èsì bá tako mi, ẹ gbé e jáde kí gbogbo ayé rí i, n ó sì gbà. Bó bá gbè mí lẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ di ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ láìfi falẹ̀, nítorí pé lọ́dọọdún ni ọmọ ń jókòó sí ìdánwò, ọdún tó bá sì kọjá lórí ọmọ kò ṣeé dá padà fún un.

Mo ń retí ìdáhùn yín, mo sì ṣe tán láti bá ẹnikẹ́ni nínú yín ṣiṣẹ́ lórí ìwé náà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ní ilẹ̀ Yorùbá